Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa Tí Wọ́n Ń Pè Ní Aláìlẹ́kọ̀ọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó oúnjẹ tí àwọn ọ̀gá ń fi falẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìyẹn ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ni, ọkùnrin ẹni ọdún 41 tí ó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ, tí a bá lọ sí ilé ìwòsàn àwọn dókítà ọpọlọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sínú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó sì ti ka gbogbo rẹ̀ kí a tó gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe méjì ni ó rí nínú iye tí a kọ, a sì ti tún wọn ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mánijà tuntun kan dé, ó ní kí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ kan láti apá kan sítọ́ọ̀ lọ sí apá kejì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ fún un pé bí wọ́n bá kó o síbẹ̀, gbogbo nọ́ńbà yóò dàrú. Inú bí mánijà, ó ní, "Ṣé o rò pé o mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ ni?" Ọkùnrin yìí dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọdún 14 ni mo ti ń ṣe é. Ẹ̀yin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Kò pariwo. Kò sì wo ojú mánijà, ilẹ̀ ni ó ń wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kúẹ́rì ti dé: ìwà àfojúdi sí ọ̀gá. Òmíràn tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì nítorí pé kò kí mánijà ní òwúrọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilé-iṣẹ́ tiwa, bí kúẹ́rì bá ti pé mẹ́ta, lẹ́tà lọ-máa-sinmi-nílé ni ó kàn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Nígbà tí ó mú kúẹ́rì náà wá bá wa, ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú wa. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Yóò gba ẹ̀gbẹ́ ènìyàn mẹ́wàá kọjá láàárọ̀, kò ní kí ẹnì kan. Inú sítọ́ọ̀ ni ó ti ń jẹun, òun nìkan, ẹ̀wà àti gààrí lójoojúmọ́ ayé. Bí fèrè ilé-iṣẹ́ bá dún, yóò fi ìka di etí bí ọmọdé. Kì í wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn kan nínú wa sì ń sọ pé amí ọ̀gá ni. Nígbà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, àwa tí a jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́, orí ni à ń mì.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a daṣẹ́ sílẹ̀, tí a ní kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ọgbà. Gbogbo wa kó ara wa lọ sí abẹ́ igi, nígbà tí òjò dé, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí dúró níwájú géètì láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago méjì tí ṣíìfù rẹ̀ parí, nínú òjò. Nígbà tí a bi í, ó ní a sọ fún òun pé kí òun má wọlé, a kò sọ pé kí òun máa lọ sílé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó di ọjọ́ tí a jókòó níwájú dókítà kí a tó mọ̀ pé nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ó ṣe ohun tí ẹgbẹ́ sọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ti sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó la ojú wa. Ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ ọdún márùn-ún kò tíì máa sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e lọ sí kílíníkì àwọn ọmọdé, dókítà sì ní ọ́tísíìmù ni. Obìnrin náà wá bá wa ní ẹnu géètì ní ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bí dókítà ṣe ń bi mí léèrè nípa ọmọ, bàbá rẹ̀ ni mò ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú òun náà lọ. Kò ní lọ bí ẹ kò bá sọ ọjọ́ fún un, kí ẹ sì sọ aago."

Kí ni ń jẹ́ ọ́tísíìmù? Àwa kì í ṣe dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a lọ, a sì fi ti alẹ́ kún un, nítorí náà ohun tí wọ́n là yé wa ni a ó là yé yín. Kì í ṣe wèrè. Kì í ràn. Kì í ṣe pé ìyá kò tọ́ ọmọ dáadáa. Bí a ti bí ènìyàn náà ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ariwo tí àwa kò kà sí lè máa gún un létí bí abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ, bí a ṣe sọ ọ́ ni yóò gbà á, kò ní wá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ètò ọjọ́ bá yí padà lójijì, ọkàn rẹ̀ yóò dàrú. Ohun tí àwa ń kà lójú ara wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa, pé inú ń bí ọ̀gá, pé ẹni yìí ń ṣeré ni, òun ní láti kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ìṣirò. Àwọn kan wà nínú wọn tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, tí wọ́n nílò ìtọ́jú ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n ń bímọ, bíi ti ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí. Kò sí oògùn tó ń mú un kúrò.

Dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner ní Amẹ́ríkà ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1943, ọmọdé 11 ni ó sì kọ nípa wọn. Nítorí pé orí ọmọdé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣé àwọn ọmọ náà kò dàgbà ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2021, nínú ènìyàn 127 káàkiri ayé, ẹnì kan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà ní ilé-iṣẹ́ yìí tó 500. Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí mẹ́rin ni yóò jẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni a sì mọ̀.

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà láti lọ, kò sì yà wá lẹ́nu. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ dárúkọ Arò, ẹ dárúkọ Yábàá, kí ẹ wo bí àwọn ènìyàn yóò ṣe rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn Arò tí wọ́n ṣí ní 1954 jẹ́ ohun ìyangàn fún wa. Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ló fi àwọn aláìsàn sí àwọn abúlé tó yí i ká pẹ̀lú ẹbí wọn, dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé, gbogbo ayé sì wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwa la sọ orúkọ náà di èébú. Ilé ìwòsàn tí àwa lọ kì í ṣe Arò, kì í sì í ṣe Yábàá. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé a ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

Aago mẹ́rin ìdájí ni a gbéra lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí káàdì. Nígbà tí ó kàn wá, akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ọmọ dà?" Ọmọ ẹgbẹ́ wa ní, "Èmi ni." Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ti ọmọdé nìkan ni kílíníkì yìí, kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀ sí ti àgbà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn ti àgbà ní àwọn kò gbọ́ ọ rí kí àgbàlagbà wá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà kan wà tó mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì wá lónìí. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ti lọ nìyẹn, wọ́n sì gé méjèèjì kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni a tó rí dókítà. Ìyá ọmọ ẹgbẹ́ wa wá láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ náà, nítorí pé wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kékeré gbọ́dọ̀ wá. Àìsàn tó bá dé ní àgbà, nǹkan mìíràn ni; ọ́tísíìmù ní láti ti wà láti ìgbà èwe. Ẹ gbọ́ bí ibi ìjókòó ti rí: fáànù kan ń ké kíkíkí lókè, tẹlifíṣàn ń pariwo ní igun kan, nọ́ọ̀sì ń fi ohùn gíga pe orúkọ. Ọkùnrin yìí jáde lọ dúró sẹ́yìn ògiri, ó di etí. Bí kì í bá ṣe pé àwa wà nínú ilé, wọn ì bá ti pe orúkọ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì ní kò wá. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ariwo ń gún létí, tí kò sì ní yàrá ìdákẹ́jẹ́ kan! A sọ fún dókítà. Ó ní òun ti kọ̀wé nípa fáànù náà.

Dókítà náà, obìnrin ni, onísùúrù ènìyàn. Ó tó wákàtí mẹ́ta tó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà lórí ìwé rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, òun ló ń yí i sí Yorùbá fún màmá. Màmá ní ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lé ní ọdún mẹ́rin, nígbà tí yóò sì sọ ọ́, odidi gbólóhùn ni ó sọ. Ní ó máa ń to agolo mílíìkì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, bí ẹnikẹ́ni bá sún ọ̀kan, yóò ké di alẹ́. Ní àwọn àgbà ní ẹmèrè ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń pè é, àwọn sì se ẹ̀wà, àwọn ra ìrèké, àwọn pe ọmọ àdúgbò wá jẹ ẹ́.

Nígbà náà ni dókítà béèrè bóyá ọmọ náà máa ń wo ojú ènìyàn. Màmá wò ó títí, ó ní, "Ìyá mi dókítà, ọmọ tí a kọ́, ṣé ó máa ń wo ojú àgbà ni?" Dókítà gbé kálámù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni màmá sọ, pé ibi tí ọmọdé ti ń wo ojú àgbà ni ìbéèrè náà ti wá, àti pé bí òun bá ń fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn Yorùbá, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni òun yóò máa pè ní olọ́tísíìmù. Ó wá yí i padà. Ó ní ṣé ó máa ń wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣeré? Bí ẹ bá na ìka sí ẹyẹ lórí igi, ṣé ẹyẹ ni yóò wò ni, àbí ìka yín? Bí ó bá rí nǹkan tó dùn mọ́ ọn, ṣé ó máa ń mú un wá hàn yín?

Màmá dákẹ́. Ó ní, "Rárá. Kò mú nǹkan kan wá hàn mí rí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "A nà án nítorí ìkíni. Bàbá rẹ̀ nà án, tíṣà nà án, èmi náà nà án. Àwọn ènìyàn ń sọ pé mi ò kọ́ ọmọ." Ọmọ ẹgbẹ́ wa yíjú sí i, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kò nà mí púpọ̀. Bàbá ni tiwọn pọ̀." Bí ó ti máa ń sọ iye irin tó wà ní sítọ́ọ̀ ni ó ṣe sọ ọ́. Àwa tí a ń gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn ọ̀gá láìfojú-bẹ̀rù, a ò mọ ibi tí a ó kọ ojú sí.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ni wọ́n sọ èsì. Ọ́tísíìmù ni. Ọkùnrin náà kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni mí?" Dókítà ní rárá. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́." Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ wa. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀wé. Èébú tó dé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ẹni ni. Ọdún 41 ni ó fi ru èébú náà. Dókítà ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun tí àwọn ènìyàn ń rí bí àfojúdi lára rẹ̀, kò ti ọkàn àfojúdi wá.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé ìwà burúkú lásán ni, pé òyìnbó ti sọ gbogbo nǹkan di àrùn, pé lọ́la gbogbo ọ̀lẹ yóò mú ìwé dókítà wá. A bi dókítà ní ìbéèrè yìí gan-an. Ó ní àwọn kan ń wá tí òun ń sọ fún pé kì í ṣe èyí, nǹkan mìíràn ló ń ṣe wọ́n, tàbí pé kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹni bá rò pé òun lè lọ tan wọ́n, kí ó mú ìyá rẹ̀ dání, kí ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Àti pé ta ni ọ̀lẹ níbí? Láti ọdún 14, ẹ lọ béèrè bóyá ẹ̀rọ kan dúró rí nítorí pé ọkùnrin yìí kò rí ẹ̀yà rẹ̀.

A dé ilé tán, ìjà gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ́fíìsì pásónẹ́ẹ̀lì gbọ́, wọ́n ní kí ó mú ìwé náà wá kí wọ́n fi í sínú fáìlì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gbé e fún wọn kíákíá, òun ni yóò pa kúẹ́rì rẹ́. Àwọn kejì ní tí ó bá ti wọ fáìlì, ọjọ́ tí ọ̀gá bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ yọ, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé alága kan tábìlì.

Èrò tiwa, a sì dúró lé e lórí, ni pé ẹni tó lọ jókòó níwájú dókítà ló ni ìwé náà. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́, kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́. Ohun tí ọ̀gá ní láti mọ̀ ni ohun tí òṣìṣẹ́ nílò kí iṣẹ́ lè lọ. Kò kàn án bí ó ti ṣe to agolo ní kékeré. Lẹ́yìn tí a bi ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ó sì gbà bẹ́ẹ̀, lẹ́tà olójú-ewé kan ni a bẹ dókítà fún. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀: kí wọ́n máa kọ àṣẹ sílẹ̀ fún un, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pàṣẹ fún un, kí wọ́n fún un ní ohun tí a fi ń bo etí, kí wọ́n sì sọ fún un ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́ yí ètò padà. Wọ́n ti fagi lé kúẹ́rì kejì, ti ìkíni. Ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fáìlì. A kò tíì fi í sílẹ̀.

Ẹ wo ohun mẹ́rin yẹn dáadáa. Bébà, ẹnu ẹnì kan, ohun ìbotí tó yẹ kó ti wà tẹ́lẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ, àti sùúrù. Èwo nínú rẹ̀ ló tó ohun tí ènìyàn ń lọ tò fún káàdì ní ìdájí nítorí rẹ̀? Àwa ì bá ti béèrè fún gbogbo rẹ̀ láìsí dókítà kankan, bí ó bá jẹ́ pé a ti bi ọkùnrin náà léèrè ohun tó ń ṣe é dípò kí a máa pè é ní amí. Ìtìjú yìí, ti ẹ̀ka wa ni, a kò lè dì í ru ọ̀gá. Àwọn mẹ́ta yòókù tó ṣeé ṣe kó wà láàárín wa ńkọ́, tí kò sí ìyàwó tó la ojú, tí ìyá wọn ti kú, tí kò sí ẹni tí yóò wá rántí ìgbà èwe wọn níwájú dókítà?

Òfin kò ṣàìsí. Òfin tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ tó bá sì rú u lè san ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2023, òfin ìlera ọpọlọ tuntun gba ipò òfin àtijọ́ ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ òfin wèrè. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ sítọ́ọ̀. Inú àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ ni a ní láti gbé e sí.

Nítorí náà, a ó gbé àbá kan wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀. Èkíní, kí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi lọ rí dókítà irú èyí máa jẹ́ ọjọ́ tí a sanwó fún, kí wọ́n sì dá owó ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n gé padà fún ọmọ ẹgbẹ́ wa. Èkejì, kí wọ́n má ṣe lé ẹnikẹ́ni nítorí pé kò kí ọ̀gá, tàbí nítorí bí ó ti ṣe dáhùn, láìjẹ́ pé aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ẹ̀ka sì máa fi owó ọkọ̀ ran ẹni tó bá ń lọ lọ́wọ́ láti inú owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun tàbí ọmọ òun lọ, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ilé oúnjẹ kí ṣíìfù àárọ̀ tó wọlé. A kò ní bi í ní ìbéèrè púpọ̀.

A pe ọmọ ẹgbẹ́ wa náà sí ìpàdé ọ̀hún. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn méjì. Kí a má lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí yàrá náà kéré, gbogbo wa ló sì ń gbọ́ ara wa. Èkejì, pé láti ọdún 14, ìpàdé tí a bá kọ aago mẹ́rin sí lára pátákó, ó ń di aago márùn-ún kí alága tó dé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun kò fi wá mọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. A ti bá alága sọ ọ́. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni, ní gbọ̀ngàn kékeré, ní aago mẹ́rin.